Harriet Powers: Ìyá Tí Ó Fi Ìrépé Aṣọ Ròyìn Bíbélì

Ìtàn tí a mú wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ ti obìnrin kan tí a bí sí oko ẹrú, tí kò jókòó ní ilé-ìwé rí, tí owó kò sì fi bẹ́ẹ̀ dúró sí lọ́wọ́ títí ó fi kú. Síbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà lónìí nínú méjì nínú àwọn ilé mùsíọ́mù tí ó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń kọ ìwé nípa rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Harriet Powers. Abẹ́rẹ́, òwú ìránṣọ àti ìrépé aṣọ ni ohun èlò rẹ̀. Ohun tí ẹlòmíràn ì bá gbá dànù ni ó fi ròyìn Bíbélì, láti orí Ádámù àti Éfà títí dé orí àgbélébùú.

Irú aṣọ tí à ń sọ

Kí a tó wọ inú ìtàn, ó yẹ kí a ṣàlàyé irú iṣẹ́ tí ìyá yìí ń ṣe, nítorí kò wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní ìgbà òtútù ní Amẹ́ríkà, omi a máa dì gbagidi nínú garawa. Ẹni tí kò bá ní ohun ìbora tí ó nípọn kò lè sùn. Kúbùsù tí à ń rà lọ́jà sì wọ́n fún tálákà. Nítorí náà, àwọn ìyá a máa kó aṣọ tí ó ti gbó jọ: ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ tí ọrùn rẹ̀ ti ya, kaba ọmọ tí kò gba ọmọ mọ́, àti èyí tí ó kù nínú aṣọ tuntun lẹ́yìn tí a ti rán an tán. Wọn yóò gé ibi tí ó ṣì lágbára nínú rẹ̀, wọn yóò rán ọ̀kan mọ́ èkejì títí yóò fi fẹ̀ tó ibùsùn. Ìyẹn ni ojú aṣọ náà. Wọn yóò tẹ́ òwú tí a ti gbọ̀n sí abẹ́ rẹ̀, wọn yóò fi aṣọ mìíràn ṣe ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò wá fi abẹ́rẹ́ rán ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ káàkiri, kí òwú inú rẹ̀ má baà ṣù sí ojú kan. Àwọn Òyìnbó ń pe aṣọ yìí ní quilt. Àwa yóò máa pè é ní aṣọ ìbora alábùlẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe ojú rẹ̀. Èkíní ni kí a gé aṣọ wẹ́wẹ́ ní igun mẹ́ta tàbí igun mẹ́rin, kí a sì rán etí mọ́ etí. Èkejì ni kí a gé aṣọ ní àwòrán ènìyàn, ẹranko tàbí ìràwọ̀, kí a tẹ́ ẹ lé orí aṣọ mìíràn, kí a sì rán etí rẹ̀ mọ́ ọn yípo. Ọ̀nà kejì yìí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa rárá. Ní ìlú Abomey, ní orílẹ̀-èdè Benin, ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ti ń gé aṣọ ní àwòrán kìnnìún, ẹyẹ àti ẹja, tí wọ́n ń rán an mọ́ aṣọ láti fi sọ ìtàn àwọn ọba Dàhòmì. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n wo iṣẹ́ Harriet Powers ti fi í wé ti Abomey, nítorí ìjọra wọn pọ̀. Ẹ sì rántí pé láti etíkun ilẹ̀ wa àti ti àwọn aládùúgbò wa ni a ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú lọ sí òkè òkun.

Ọmọ oko ẹrú

Ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 1837 ni a bí Harriet, nítòsí ìlú Athens ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ẹ má ṣì í mú fún Átẹ́nì ti ilẹ̀ Gíríìkì tí Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì ti wàásù. Àwọn Òyìnbó Amẹ́ríkà ni wọ́n fi orúkọ ìlú àtijọ́ yẹn sọ tiwọn. Ìpínlẹ̀ òwú ni Georgia nígbà náà. Àwọn ẹrú ni wọ́n ń gbin òwú náà, àwọn ni wọ́n ń já a, ṣùgbọ́n olówó wọn ni ó ń kó èrè rẹ̀. Ọmọ tí ẹrúbìnrin bá bí, ti olówó ni. Ó lè tà á bí ẹni ta ewúrẹ́, ìyá rẹ̀ kò sì ní ẹnu ọ̀rọ̀.

Òfin ìpínlẹ̀ Georgia kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ẹrú ní ìwé. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn òǹkọ̀wé fi rò pé Harriet kò mọ̀wé, wọ́n sì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2009, ìyá kan tí ń jẹ́ Kyra Hicks, tí òun náà ń rán aṣọ ìbora alábùlẹ̀, tẹ ìwé kan jáde. Nínú rẹ̀ ni ó ti fi lẹ́tà Harriet kan hàn, tí ó jẹ́ ti ọdún 1896. Nínú lẹ́tà náà, Harriet ṣàlàyé pé àwọn ọmọ olówó òun ni wọ́n ràn án lọ́wọ́ tí òun fi mọ ìwé kà. Nínú lẹ́tà yìí kan náà ni a ti mọ̀ pé aṣọ tí ó ṣe ju méjì tí ó kù lónìí lọ. Ó mẹ́nu ba ọ̀kan tí ìrépé rẹ̀ ju 4,000 lọ, tí a gé wẹ́wẹ́, tí a sì rán pọ̀. Àwa tí a máa ń kánjú bí a bá fẹ́ lẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo mọ́ ẹ̀wù, ẹ jẹ́ kí a ro iye alẹ́ tí ìyẹn gbà á lójú fìtílà.

Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 18, ní 1855, ó fẹ́ Armstead Powers. Ẹrú ni wọ́n nígbà náà, òfin kò sì ka ìgbéyàwó ẹrú sí. Ó bí ó kéré tán ọmọ mẹ́sàn-án. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1861, ó ti di ìyá ọmọ. Nígbà tí ogun náà parí ní 1865, tí a sì fi òfin pa òwò ẹrú rẹ́, ó di òmìnira ní ọmọ ọdún 28.

Ilé tirẹ̀, ilẹ̀ tirẹ̀

Ẹ má rò pé òmìnira mú ọrọ̀ wá lọ́jọ́ kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ kò ní nǹkan kan ju aṣọ ọrùn wọn lọ. Armstead ń ṣe iṣẹ́ oko, Harriet ń tọ́jú ilé, ó sì ń ránṣọ. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tu owó jọ. Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1880, wọ́n ti ní ilẹ̀ tiwọn, ó tó éékà mẹ́rin. Ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ dúkìá ẹlòmíràn wá di ẹni tí ó ní dúkìá. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra ilẹ̀ rí, tí ẹ dúró lórí rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ mọ ohun tí à ń sọ.

Àárín àkókò ìrọ̀rùn díẹ̀ yìí ni ó ṣe aṣọ tí a wá mọ̀ sí Aṣọ Bíbélì.

Bíbélì lórí aṣọ

Aṣọ náà fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ, ó sì gùn ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ. Àwòrán 11 ni ó wà lórí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú yàrá tirẹ̀, bí ojú ewé ìwé. Ìrépé aṣọ tí ó rán mọ́ ọn tó nǹkan bí 300. Ọwọ́ ni ó fi rán apá kan, ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ rán apá kan.

Nínú àwòrán àkọ́kọ́, Ádámù àti Éfà wà nínú ọgbà pẹ̀lú àwọn ẹranko àti ejò. A rí Éfà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. A rí Sátánì láàárín ìràwọ̀ méje. A rí Kéènì bí ó ti ń pa Ébẹ́lì àbúrò rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn lọ sórí ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Kéènì lọ wá aya ní ilẹ̀ Nódì. Jákọ́bù dùbúlẹ̀, ó ń lá àlá àkàsọ̀. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sí Májẹ̀mú Tuntun. Jòhánù ń ri Jésù bọmi, Ẹ̀mí Mímọ́ sì ń sọ̀ kalẹ̀ bí àdàbà. A rí Jésù lórí àgbélébùú. A rí Júdásì pẹ̀lú ọgbọ̀n owó fàdákà rẹ̀. A rí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ní ìkẹyìn pátápátá, a rí Jósẹ́fù, Màríà àti Jésù ọmọ ọwọ́, ìràwọ̀ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù sì wà lókè orí rẹ̀.

Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú yíyan aṣọ. Nínú àwòrán Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ó rí aṣọ tí ó mọ́ fún àwọn ọmọ-ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan Júdásì, aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ ṣá, tí kò dán, ni ó wọ̀ fún un, nítorí pé ìwà rẹ̀ kò mọ́ bí ti àwọn yòókù. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan síbẹ̀. Àkísà kékeré kan ṣoṣo ni ó fi ṣe ìwàásù náà. Olùkọ́ ni wá, a sì ti lo pátákó àti ẹfun fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n a kò rò pé a ti fi ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ kọ́ni ní ẹ̀kọ́ tí ó ṣe kedere tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọdún 1886 ni wọ́n ṣe ìpàtẹ òwú kan ní Athens. Àwọn àgbẹ̀ kó irè oko wọn wá, àwọn obìnrin kó iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá. Harriet gbé Aṣọ Bíbélì lọ, wọ́n sì gbé e kọ́ kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí èyí: ẹni tí a bí sínú ẹrú ní ilẹ̀ òwú ni ó wá fi òwú gbé orúkọ Olúwa ga ní ìpàtẹ òwú.

Ọjọ́ tí ó tà á

Obìnrin Òyìnbó kan wà ní ìpàtẹ náà tí ń jẹ́ Jennie Smith. Olùkọ́ àwòrán yíyà ni, ní ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ní ìlú náà. Bí ó ti rí aṣọ yìí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ó wádìí ẹni tí ó ni ín, ó wá Harriet lọ sí oko rẹ̀, ó ní òun fẹ́ rà á. Harriet kọ̀. Kò sí iye tí ó lè gbà. Ọmọ inú rẹ̀ ni aṣọ yẹn, a kì í sì ta ọmọ. Ìyá tí ó gbé ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ta ọmọ mọ ohun tí ó ń sọ.

Ọdún bí i mẹ́rin kọjá. Nǹkan le. Owó òwú kò dára, gbèsè sì wọlé. Jennie Smith ránṣẹ́ pé bí ó bá ṣì fẹ́ tà á, òun ṣetán. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kẹ̀kẹ́ màlúù dúró níwájú ilé olùkọ́ yìí. Harriet jókòó sínú rẹ̀, ó gbé aṣọ náà lé itan. Ó ti dì í sínú àpò ìyẹ̀fun tí ó fọ̀ mọ́, ó sì tún ki ìyẹn bọ inú àpò ìdọ̀họ, bí ẹni gbé ọmọ tuntun jáde nínú òtútù. Dọ́là mẹ́wàá ni ó dárúkọ. Jennie Smith ní dọ́là márùn-ún péré ni òun ní. Harriet jáde lọ bá ọkọ rẹ̀ dámọ̀ràn. Armstead gbà á nímọ̀ràn pé kí ó gbà á, nítorí bí ayé ti le. Ó padà wọlé, ó sì gba dọ́là márùn-ún.

Kí ó tó lọ, ó ṣàlàyé àwòrán kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìtara àti ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Jennie Smith sì kọ ọ́ sílẹ̀. Harriet kò lè gbàgbé aṣọ náà. Ó padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó tún lọ, ó tún lọ, bí ìyá tí ó lọ wo ọmọ tí ó fi síta. Ohun kan ṣoṣo ni ó tù ú nínú díẹ̀. Jennie Smith ṣèlérí pé gbogbo ìrépé aṣọ tí ó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ òun, òun yóò máa tọ́jú rẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin ìyá, ta ni nínú wa tí kò mọ obìnrin kan tí ó ti ta yẹtí wúrà rẹ̀, tàbí aṣọ òkè ìgbéyàwó rẹ̀, kí ọmọ lè rí owó ilé-ìwé san? Ìdí nìyí tí ìtàn yìí fi dùn wá dé egungun. Bí a bá fẹ́ ṣe ìdájọ́ òdodo, dọ́là márùn-ún kò tó. Ẹni tí ó rà á pàápàá mọ̀ pé ohun ńlá ni òun rà, nítorí gbogbo ìgbà tí ó lò láyé ni ó fi tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ èyí pẹ̀lú: bí Jennie Smith kò bá jókòó, kí ó kọ àlàyé Harriet sílẹ̀, a ì bá máa wo aṣọ náà lónìí láìmọ ohun tí ìyá náà ní lọ́kàn. Ó rà á ní ọ̀pọ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó fetí sí ẹni tí ó tà á.

Ẹ sì kíyè sí Harriet fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó pàdánù iṣẹ́ tí ó dára jù lọ lọ́wọ́ rẹ̀, ìrépé aṣọ ni ó gbà ní ìtùnú. Kò ká abẹ́rẹ́ kúrò nílẹ̀.

Aṣọ kejì

Ní ọdún 1895, wọ́n ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní ìlú Atlanta, tí ènìyàn ti orílẹ̀-èdè púpọ̀ wá sí. Jennie Smith gbé Aṣọ Bíbélì lọ síbẹ̀, nínú ilé tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn dúdú. Òkìkí rẹ̀ kàn. Nígbà tí ó di 1898, aṣọ mìíràn tí Harriet ṣe ni a fi ta Àlùfáà Charles Cuthbert Hall lọ́rẹ. Òun ni alága ìgbìmọ̀ Yunifásítì Atlanta, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ènìyàn dúdú.

Àwòrán 15 ni ó wà lórí aṣọ kejì yìí. Jóòbù ń gbàdúrà. Mósè gbé ejò sókè ní aginjù. Ẹja ńlá gbé Jónà mì. Ọlọ́run dá ẹranko ní méjì-méjì, akọ àti abo. Ṣùgbọ́n Harriet kò dúró lórí Bíbélì nìkan. Ó fi ohun tí Ọlọ́run ṣe ní ilẹ̀ tirẹ̀ kún un. Ó ṣe àwòrán ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 1780, nígbà tí ojú ọ̀run ṣókùnkùn ní ọ̀sán gangan. Ó ṣe àwòrán òru ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 1833, nígbà tí ìràwọ̀ ń já bọ́ bí òjò, tí àwọn ènìyàn rò pé ayé ti dópin. A kò tí ì bí i nígbà náà. Ẹnu àwọn àgbà ni ó ti gbọ́ ọ, ó sì rán an sórí aṣọ kí ó má baà parun.

Èyí tí ojú tirẹ̀ ṣe ni òtútù ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 1895. Nínú àwòrán náà, obìnrin kan dì sórí eékún níbi tí ó ti ń gbàdúrà. Òmíràn dì sí ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin kan dì pẹ̀lú àpò ìyẹ̀fun rẹ̀, òmíràn dì ti ìgò ọtí rẹ̀. Èémí ìbaaka di yìnyín ní imú rẹ̀. Ó tún ṣe àwòrán àwọn ọlọ́rọ̀ kan tí a kò kọ́ ní nǹkan kan nípa Ọlọ́run, pẹ̀lú aago tí ó lù láti fi hàn pé ìyà àìnípẹ̀kun ti dé bá wọn. Ní abẹ́ rẹ̀ ni ẹlẹ́dẹ̀ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Betts, tí ó sáré 500 máìlì láti Georgia dé Virginia. Ìtàn ìlú ni, ìtàn Bíbélì ni, ó sì tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, nítorí lójú rẹ̀, Ọlọ́run kan náà ni ó ni ìgbà àtijọ́ àti ìgbà tirẹ̀.

Ọjọ́ alẹ́ rẹ̀

Òkìkí kò sọ ọ́ di olówó. Láti àwọn ọdún 1890 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí ta ilẹ̀ wọn díẹ̀díẹ̀. Láàárín ọdún 1895 sí ìgbà tí ó sún mọ́ ọn, Armstead fi í sílẹ̀, ó lọ. Harriet kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni ó fi ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀.

Àwòrán kan ṣoṣo ni a mọ̀ pé wọ́n yà nípa rẹ̀, ní nǹkan bí 1897. Ó dúró gbọnyin, kò rẹ́rìn-ín. Épírọ́ọ̀nù tí ó so mọ́ra kì í ṣe ti ilé ìdáná, nítorí ó rán àwòrán ohun ojú ọ̀run mọ́ etí rẹ̀. Ẹni tí ó bá wo àwòrán náà yóò mọ̀ pé obìnrin yìí mọ iyì ara rẹ̀.

Ó kú ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1910, ní ẹni ọdún 72. Wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú Gospel Pilgrim ní Athens, níbi tí a ti ń sin àwọn ènìyàn dúdú. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, igbó bo ibẹ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí ó sùn sí mọ́.

Ohun tí ó kù lẹ́yìn rẹ̀

Jennie Smith kú ní 1946. Ẹni tí ó bójú tó ogún rẹ̀ bá Aṣọ Bíbélì nínú ẹrù rẹ̀, àlàyé tí ó kọ sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ní òpin àwọn ọdún 1960, aṣọ náà dé mùsíọ́mù ìjọba Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Smithsonian, ní Washington. Aṣọ kejì wà lọ́wọ́ ìdílé Àlùfáà Hall títí ọmọ rẹ̀ fi tà á, ó sì dé Mùsíọ́mù Iṣẹ́ Ọnà ti Boston ní 1964. Ìwé àlàyé tẹ̀ lé òun náà. Ní àwọn ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Gladys-Marie Fry tú ìwé ìkànìyàn àti ìwé ilẹ̀ wò, ó sì kó ìtàn ìgbésí ayé ìyá náà jọ bí ẹni kó ìrépé aṣọ jọ. Ní 2005, wọ́n tún rí òkúta sàréè rẹ̀ nínú igbó. Nígbà tí ó di 2021, fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n kó aṣọ méjèèjì pọ̀ sí ojú kan ní Boston, kí àwọn ènìyàn lè wò wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Kí ni a rí kọ́?

Èkíní, kò sí ohun tí ó kéré jù lọ́wọ́ ẹni tí ó ní nǹkan láti sọ. Ẹ ó rántí pé lẹ́yìn tí Olúwa ti bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn yó, ó pàṣẹ kí wọ́n ṣa àjẹkù jọ kí ohunkóhun má ṣe ṣòfò. Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ aránṣọ èyíkéyìí ní àdúgbò yín, ẹ wo abẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ ó rí ìrépé ańkárá, léèsì àti àdìrẹ tí wọ́n fẹ́ gbá dà sórí ààtàn.

Bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, kò le. Ẹ kó ìrépé jọ, kí ẹ kọ́kọ́ fọ gbogbo rẹ̀, kí èyí tí ń ṣí má baà ba èkejì jẹ́. Ẹ ya èyí tí ó nípọn sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó fẹ́lẹ́, nítorí bí a bá rán wọn pọ̀, èyí tí ó nípọn yóò fa èkejì ya. Ẹ gé ibi tí ó ti gbó kúrò. Ẹ lọ̀ wọ́n, kí ẹ sì fi páálí gé ìwọ̀n kan náà fún gbogbo yín. Kí olúkúlùkù rán yàrá kan nílé, kí ẹ wá so wọ́n pọ̀ ní ọjọ́ ìpàdé. Ní ilẹ̀ wa tí ooru ń mú, kò pọn dandan kí a fi òwú sí i. A lè fi ṣe aṣọ ìbùsùn fún ọmọ ìkókó, aṣọ tábìlì, tàbí ohun tí a ó gbé kọ́ sí yàrá àwọn ọmọ ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi.

Èkejì, kí a má ṣe jẹ́ kí ìnira mú wa ta ohun tí a ṣe ní ọ̀pọ̀ bí a bá lè yẹra fún un. Bí arábìnrin wa kan bá sì wà nínú ìnira bẹ́ẹ̀, kí ó máà jẹ́ àwa ni a ó dúró dè é láti rà á ní ìdajì owó. Kí ẹgbẹ́ dìde ràn án lọ́wọ́. Bí Harriet bá ní dọ́là márùn-ún sí i lọ́jọ́ yẹn lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bóyá kì bá ti ta á.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó wà lọ́kàn wa jù. Aṣọ méjèèjì yìí ń sọ̀rọ̀ lónìí nítorí pé ẹnìkan kọ ohun tí ẹni tí ó ṣe é sọ. Mélòó nínú àwọn ìyá wa ni wọ́n ti hun aṣọ, tí wọ́n ti rẹ àdìrẹ, tí wọ́n ti mọ ìkòkò, tí a kò mọ orúkọ wọn mọ́? Bí ẹ bá rán nǹkan, ẹ gé aṣọ funfun kékeré kan, ẹ fi owú kọ orúkọ yín àti ọdún sí i, kí ẹ rán an mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ jókòó ti àwọn ìyá àgbà, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí àwòrán àdìrẹ wọn túmọ̀ sí, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ tí yóò kà á lè máà tí ì dé ayé.

Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí ó má sì jẹ́ kí a fi ìrépé kankan nínú ayé wa ṣòfò. Àmín.